Orúkọ Mẹ́ta Tí Ẹ̀ṣẹ̀ Ń Jẹ́, Orúkọ Mẹ́ta Tí Ìdáríjì Ń Jẹ́

Ẹ̀KỌ́ BÍBÉLÌ FÚN ÀJỌ̀DÚN

Kíkà: Orin Dáfídì 32:1–5, 2 Sámúẹ́lì 12:1–14, Míkà 7:18–19.
Ẹsẹ tí a ó kọ́ sórí: Orin Dáfídì 32:5.

A ti kọrin, a ti jó, a ti dúpẹ́. Ó tọ́ kí a tún jókòó díẹ̀ sídìí Ìwé Mímọ́, nítorí àjọ̀dún tí a kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀, àsè lásán ni.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Kò sí ìsìn kan tí a ń ṣe tí a kì í tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu bá ń pè lójoojúmọ́, etí a máa di sí i. Bí ẹnì kan bá wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ pé ara òun kò yá, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Níbo ló ń dùn ọ́?" Kò tó kí ó sọ pé ara ló ń dun òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tó kí ènìyàn kúnlẹ̀ kí ó ní, "Olúwa, mo ti ṣẹ̀," kí ó sì dìde láìmọ irú èyí tí ó ṣẹ̀.

Èdè Hébérù ni a fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ ńlá tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n sa gbogbo ipá wọn láti fi ìyàtọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí "ẹ̀ṣẹ̀," "àìṣedéédéé" àti "ìrékọjá" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Bíbélì wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ohun kan náà ni gbogbo wọn, pé nítorí kí orin lè dùn létí ni a ṣe pa wọ́n pọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nínú Orin Dáfídì 32, ẹsẹ kìn-ín-ní àti èkejì, Dáfídì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta, ó sì dárúkọ ìdáríjì ní ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

APÁ KÌN-ÍN-NÍ: ORÚKỌ MẸ́TA TÍ Ẹ̀ṢẸ̀ Ń JẸ́

1. "Hata": títàsé

Èyí ni Bíbélì wa sábà máa ń pè ní "ẹ̀ṣẹ̀" gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìsìn, ẹ ṣí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ 20:16. Ibẹ̀ ni a ti sọ nípa 700 ọkùnrin ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì, ọlọ́wọ́ òsì ni gbogbo wọn, tí wọ́n lè fi kànnàkànnà ju òkúta kí ó ba fọ́nrán irun kan ṣoṣo láìtàsé. Ọ̀rọ̀ tí Hébérù fi pe "tàsé" níbẹ̀, òun náà ni ó ń pe ẹ̀ṣẹ̀. Ó tún wà nínú Òwe 19:2, níbi tí a ti sọ pé ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ kánjú a máa ṣìnà.

Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó tàsé lè má ní ète búburú. Ó na apá, ó sọ òkò, ṣùgbọ́n kò bá ibi tí ó yẹ kí ó bá. Baba tí ó ń bọ́ ọmọ tí kò kọ́ ọmọ, ó tàsé. Akọrin tí ohùn rẹ̀ dùn ṣùgbọ́n tí ìyìn ènìyàn ló ń wá, ó tàsé. Nítorí náà ni Léfítíkù orí kẹrin fi pàṣẹ ẹbọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ ní àìmọ̀. "N kò mọ̀" lè mú kí ẹjọ́ fúyẹ́, kò lè mú kí òkò tó tàsé bá ohun tí a sọ ọ́ sí.

2. "Avon": wíwọ́

Bíbélì wa pe èyí ní "àìṣedéédéé," ó sì pè é dáadáa. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni kí nǹkan wọ́, kí ó tẹ̀, kí ó má gún. Nínú Orin Dáfídì 38:6, ọ̀rọ̀ tí ó ti ìdí kan náà wá ni onísáàmù fi sọ bí ara òun ti tẹ̀ kolẹ̀. Àwọn àgbà wa ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Kì í ṣe pé igi náà kì í ṣe igi. Wíwọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó bá àwọn yòókù jókòó nínú ààrò.

Títàsé lè jẹ́ ọ̀ràn ọjọ́ kan. Wíwọ́ ti wọ inú igi. Irọ́ tí a pa lẹ́ẹ̀kan nítorí ìbẹ̀rù yàtọ̀ sí ahọ́n tí irọ́ ti mọ́ lára títí tí òtítọ́ fi ń ṣòro fún un.

Ohun mìíràn tún wà nínú "avon." Ọ̀rọ̀ kan yìí ni Hébérù fi ń pe ìwà búburú náà, òun ló tún fi ń pe ẹ̀bi rẹ̀, òun ló tún fi ń pe ìyà tí ń tẹ̀lé e. Nígbà tí Káínì kígbe nínú Jẹ́nẹ́sísì 4:13, "avon" ni ó pè, tí ó ní ó pọ̀ ju ohun tí òun lè rù lọ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ ni, àbí ìyà rẹ̀? Hébérù kò ya méjèèjì. Ẹni tí ó bá ti ki ọwọ́ bọ "avon," ó ti mú ìwà, ẹ̀bi àti ìyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

3. "Pesha": ọ̀tẹ̀

Èyí ló burú jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ààfin ọba ni ẹ ó ti rí ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú 2 Àwọn Ọba 3:4–5, Méṣà ọba Móábù máa ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọba Ísírẹ́lì: 100,000 ọ̀dọ́ àgùntàn, àti irun 100,000 àgbò. Nígbà tí Áhábù kú, ó ní òun kò san mọ́. Ohun tí ó ṣe yẹn, "pesha" ni Hébérù pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1 Àwọn Ọba 12:19 pe ohun tí ẹ̀yà mẹ́wàá ṣe sí ilé Dáfídì. Kì í ṣe pé Méṣà tàsé, kì í sì í ṣe pé ó ṣìnà. Ó mọ ọba tí ó ni ín, ó sì ní òun kò sìn ín mọ́. Nínú Aísáyà 1:2, Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ lo ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọba tí ìlú dìtẹ̀ mọ́ ló ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí baba tí àwọn ọmọ tí ó tọ́ dàgbà kẹ̀yìn sí ló ti ń kédàárò.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí á dúró díẹ̀. "Ìrékọjá" ni Bíbélì wa pe "pesha." Ṣùgbọ́n "ìrékọjá" náà ni a ń pe àjọ alẹ́ ọjọ́ tí Ísírẹ́lì jáde kúrò ní Íjíbítì, nínú Ẹ́kísódù 12. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló ti bi olùkọ́ wọn pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìrékọjá ni, àbí ọdún?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ní Hébérù, ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n: "pesha" ni ọ̀tẹ̀, "pesah" ni àjọ náà. Èdè wa ló bá wọn pàdé lójú ọ̀nà kan. Nínú ọ̀kan, ènìyàn ni ó ré òfin Ọlọ́run kọjá. Nínú èkejì, Ọlọ́run ni ó ré ilé tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn wà lára òpó rẹ̀ kọjá, tí kò jẹ́ kí ikú wọlé.

Ẹ wá wo Míkà 7:18. Wòlíì náà ń fi ìyanu béèrè pé irú Ọlọ́run wo nìyí, tí ń kọjá lórí "pesha" àwọn ènìyàn Rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwa ré òfin kọjá, Òun sì ré ìrékọjá wa kọjá. Nígbà tí Nátánì fún Dáfídì lésì nínú 2 Sámúẹ́lì 12:13, ọ̀rọ̀ kíkọjá yìí náà ló lò: Olúwa ti mú kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kọjá lọ.

APÁ KEJÌ: ORÚKỌ MẸ́TA TÍ ÌDÁRÍJÌ Ń JẸ́

1. "Nasa": gbígbé ẹrù kúrò lórí

Níbi tí Bíbélì wa ti sọ pé a dárí ìrékọjá jì, ohun tí Hébérù sọ ni pé a gbé e kúrò. "Nasa" ni kí a gbé nǹkan, kí a rù ú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ru ẹrù igi láti oko dé ilé mọ ohun tí à ń sọ. Ẹrù a máa wọ ọrùn débi pé ẹni tí ó rù ú kò lè fúnra rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò pariwo pé, "Ẹ bá mi sọ̀ o!" Ìdáríjì ni kí Ọlọ́run jáde kí Ó wá bá ọ sọ ẹrù.

"Nasa" yìí náà wà lẹ́nu Káínì, nígbà tí ó ní òun kò lè rù ú. Òun náà ló wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 50:17, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù ń bẹ̀ ẹ́. Nínú Léfítíkù 16:21–22, ní Ọjọ́ Ètùtù, Áárónì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí òbúkọ ààyè, ó jẹ́wọ́ "avon," ó jẹ́wọ́ "pesha," ó jẹ́wọ́ "hata," kò fi ọ̀kan sílẹ̀, òbúkọ náà sì rù wọ́n lọ sí aginjù. Ẹ rí i pé ẹrù kì í fò lọ lásán. Bí ó bá kúrò lórí ẹnì kan, orí ẹlòmíràn ló bọ́ sí. Ta wá ni ó ru tiwa? Aísáyà 53:12 dáhùn, "nasa" náà ni ó sì lò fún Ìránṣẹ́ Olúwa tí ó ru ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwa Kristẹni mọ Ẹni náà.

2. "Kasa": bíbò

Orúkọ kejì ni bíbò. Nígbà tí Nóà sùn ní ìhòòhò, Ṣémù àti Jáfẹ́tì fi ẹ̀yìn rìn wọlé, wọ́n fi aṣọ bo baba wọn (Jẹ́nẹ́sísì 9:23). "Kasa" ni ohun tí wọ́n ṣe. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa, kì í sì í ṣe pé wọ́n ní baba kò mu ọtí. Ìtìjú baba ni wọ́n bò. Bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe fún ẹni tí Ó dárí jì nìyẹn. Kì í pe aráyé wá wòran.

3. "Hashav": a kò kà á sí i lọ́rùn

Orúkọ kẹta wá láti inú ìwé ìṣirò. "Hashav" ni Léfítíkù 25:50 fi sọ bí a ó ti ṣírò iye ọdún tí ẹrú kù láti sìn kí a tó rà á padà. Dáfídì ní ìbùkún ni fún ẹni tí Olúwa kò ka "avon" rẹ̀ sí i lọ́rùn. Gbèsè wà, a mọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹni tí a jẹ ẹ́ kọ̀, kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 15:6, níbi tí a ti ka ìgbàgbọ́ Ábúráhámù sí òdodo fún un. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì rí i, ó sì so ibi méjèèjì pọ̀ nínú Róòmù orí kẹrin. Lápá kan ìwé náà, gbèsè wa kò sí níbẹ̀. Lápá kejì, a kọ òdodo tí kì í ṣe tiwa síbẹ̀ fún wa.

APÁ KẸTA: TA NI Ó Ń BO?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ará. Ní ẹsẹ kìn-ín-ní, Dáfídì ní alábùkún fún ni ẹni tí a bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní ẹsẹ karùn-ún, ó ní òun kò bo àìṣedéédéé òun. Ní Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì: "kasa" níbí, "kasa" lọ́hùn-ún. Ṣé ó ń ta ko ara rẹ̀ ni? Rárá. Ohun tí ènìyàn bá bò, Ọlọ́run yóò ṣí i. Ohun tí ènìyàn bá ṣí fún Ọlọ́run, Ọlọ́run yóò bò ó. Òwe 28:13 jẹ́rìí sí i: ẹni tí ó bá bo "pesha" rẹ̀ kì yóò ṣe rere.

Ẹ wo bí Dáfídì ti sapá tó láti bò ó. Ó ránṣẹ́ pe Ùráyà láti ojú ogun, ó ní kí ó lọ sùn nílé. Ó fún un ní ọtí mu. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, ó kọ lẹ́tà ikú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Gbogbo èyí, aṣọ ìbora ni ó ń hun. Ṣùgbọ́n Orin Dáfídì 32:3–4 sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora: egungun ń gbó, ọwọ́ Olúwa wúwo lọ́sàn-án àti lóru, omi ara ń gbẹ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ nítorí irú àìsàn yìí tí kò sì jẹ́wọ́, ebi lásán ló ń pa.

Nígbà tí Nátánì wá nà ọwọ́ sí i, gbólóhùn tí ọba ńlá yìí fi dáhùn kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ ní èdè Hébérù: mo ti ṣẹ̀, sí Olúwa. Kò ní obìnrin náà ló wẹ̀ níbi tí ojú òun tó o. Kò ní ogun ló pa Ùráyà. Nítòótọ́, ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ ní ẹ̀bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

APÁ KẸRIN: OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢÌ GBỌ́

(i) Ìdáríjì kò ní kí a má dá ohun ẹlòmíràn padà. Léfítíkù 6:1–7 sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó jẹ ohun tí a fi pamọ́ sí i lọ́wọ́, tàbí tí ó rí ohun tó sọnù he tí ó sì sẹ́. Kí ó tó mú ẹbọ wá, yóò kọ́kọ́ dá ohun náà padà fún ẹni tí ó ni ín, yóò sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Bí o bá kó owó àjọ, tí o tan àbẹ́là méje, tí o ka gbogbo sáàmù tí ó wà nínú Bíbélì, owó àjọ ṣì wà lọ́rùn rẹ. Lọ san án, kí o padà wá ka sáàmù rẹ.

(ii) Ìdáríjì kì í fi gbogbo ìgbà mú àtubọ̀tán kúrò. A dárí ji Dáfídì lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ ọmọ náà kú, idà kò sì kúrò ní ilé rẹ̀. Ẹ má ṣe wo ẹni tí ìyà ṣì wà lára rẹ̀ kí ẹ ní Ọlọ́run kò ì tí ì dárí jì í.

(iii) Ètùtù inú Bíbélì kì í ṣe rìbá. Àwa tí a bí sí ilẹ̀ yìí mọ ètùtù gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn ń fi tu ẹni tí inú ń bí. Ṣùgbọ́n Léfítíkù 17:11 yí ọ̀rọ̀ náà padà: Ọlọ́run ní Òun fúnra Òun ni ó fi ẹ̀jẹ̀ náà fún wọn lórí pẹpẹ láti ṣe ètùtù. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó pèsè ohun ètùtù. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí?

(iv) Aṣọ funfun kò tó. Nínú Orin Dáfídì 51:2, Dáfídì bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa wẹ òun. Hébérù ní ọ̀rọ̀ kan fún wíwẹ ara, ó ní òmíràn, "kabas," fún fífọ aṣọ, irú èyí tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a ń gún títí ìdọ̀tí yóò fi jáde. "Kabas" ni Dáfídì lò. Ó ní, Olúwa, má wulẹ̀ da omi sí mi lára, fọ̀ mí bí alágbàfọ̀ ti ń fọ aṣọ. Àwa tí a ń wọ sùtánà funfun mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú fífọ̀ rẹ̀. A ń fi ọṣẹ sí i, a ń fi búlúù sí i, a ń lọ̀ ọ́ kí ó dán. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nínú sùtánà àti ẹni tí ó wọ̀ ọ́, èwo ni a fọ̀ fún àjọ̀dún yìí?

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará, àjọ̀dún ni ọjọ́ tí àwọn tí kò kí ara wọn máa ń jókòó sórí àga kan náà. Nínú àwọn tí ó ń ka ìwé yìí, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan wà tí ó kúrò ní ìjọ kan pẹ̀lú ìbínú, tí ó wá bí àlejò lónìí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó lé e kúrò wà nídìí pẹpẹ. Ẹ má ṣe sọ pé, "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, forí jì mí." "Bí" yẹn, aṣọ ìbora ni. Ẹ dárúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ tàsé, ẹ ní ẹ tàsé. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn yín wọ́, ẹ ní ó wọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tẹ̀, ẹ ní ọ̀tẹ̀ ni. Ẹni tí a sì ń bẹ̀, kí òun náà ṣe bí Jósẹ́fù: kí ó bá arákùnrin rẹ̀ sọ ẹrù, kí ó bo ìtìjú rẹ̀, kí ó má sì kà á sí i lọ́rùn mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢÀRÒ

1. Nínú "hata," "avon" àti "pesha," èwo ni o máa ń jẹ́wọ́ jù? Èwo ni o kì í fẹ́ dárúkọ?
2. Ìrékọjá méjì wo ni ó wà nínú Bíbélì wa, ta sì ni ó ń ré kọjá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin bíbò tí ènìyàn ń bò àti bíbò tí Ọlọ́run ń bò?
4. Ǹjẹ́ ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ tí ó yẹ kí o dá padà kí àjọ̀dún yìí tó parí?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run wa, Ìwọ tí o ń ré ìrékọjá kọjá, a wá síwájú Rẹ láìbo ohunkóhun. Níbi tí a ti tàsé, tún ọwọ́ wa ṣe. Níbi tí a ti wọ́, tọ́ wa. Níbi tí a ti dìtẹ̀, gbà wá padà bí ọmọ. Bá wa sọ ẹrù tí ó wọ̀ wá lọ́rùn, bo ìtìjú wa, má ka gbèsè wa sí wa lọ́rùn, kí o sì fún wa lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọnìkejì wa. Jẹ́ kí àjọ̀dún yìí sọ ọ̀tá di ọ̀rẹ́. Ní orúkọ Jésù Krístì, Ẹni tí ó ru ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àmín.